Igi Kékeré Abẹ́ Lẹ́tà: Ohun tí Òjé, Aṣọ àti Ẹ̀rọ Ń Sọ fún Olùwádìí Lítíréṣọ̀

Ìwé méjì wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan jẹ́ ìwé orin ìjọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, èyí tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Èkejì jẹ́ ìwé kíkà fún ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Nínú ti àkọ́kọ́, igi kékeré kan ló dúró ṣánṣán lábẹ́ lẹ́tà ẹ àti ọ. Nínú èkejì, àmì róbótó bí orí abẹ́rẹ́ ni. Bí mo bá kó irú ìwé méjì bẹ́ẹ̀ wọ kíláàsì, ó dájú pé akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ló tọ̀nà nínú méjèèjì?"

Ìdáhùn kúkúrú ni pé kò sí èyí tó ṣì. Ìdáhùn gígùn ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sọ lónìí, nítorí mo gbà pé ọ̀nà ìwádìí kan fara sin sínú ìbéèrè ọmọdé yìí, ọ̀nà tí a kò tíì tọ̀ tó. A ti mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìtàn inú ìwé, ẹ̀dá ìtàn, ibùdó ìtàn àti ọnà èdè. A kì í sábà bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ṣe ìwé náà, ta ló to lẹ́tà rẹ̀, kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú ewé nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Èrò mi ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ lítíréṣọ̀ Yorùbá dénú kò gbọdọ̀ ka ọ̀rọ̀ nìkan. Ó gbọ́dọ̀ ka ohun tí ọ̀rọ̀ náà wà lára rẹ̀, kí ó sì mọ irinṣẹ́ tí wọ́n fi gbé e síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí igi kékeré yẹn. Samuel Àjàyí Crowther gbé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ó sì gbé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ mìíràn jáde ní 1852. Ìṣòro tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni èdè wa ní, márùn-ún péré ni lẹ́tà Látìn pèsè fún un. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni kí wọ́n fi àmì sábẹ́ e àti o, kí wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún s pẹ̀lú. Ìpàdé tí ìjọ CMS pè lórí àkọtọ́ ní 1875 ló wá fi ẹsẹ̀ ìlànà náà múlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí igi fi wà nínú àwọn ìwé kan dípò àmì róbótó? Ọ̀rọ̀ gègé ni. Ẹni tó ń fi ọwọ́ kọ̀wé, bí ó bá fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan láti tẹnu mọ́ ọn, ìlà náà yóò bo àmì róbótó mọ́lẹ̀ pátápátá. Igi tó dúró yóò la ìlà kọjá, ojú yóò sì rí i. Nítorí náà, kì í ṣe etí àwọn onímọ̀ èdè nìkan ló pinnu bí a ṣe ń kọ Yorùbá. Ọwọ́ tó di gègé mú náà sọ tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òjé sọ tirẹ̀. Láyé àwọn atẹ̀wé àtijọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ègé òjé kékeré tí ẹni tó ń to ìwé yóò ṣà láti inú àpótí. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Fáwẹ̀lì méje, ohùn méjì tó ń gba àmì, ìyẹn ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré. Oríṣi òjé 28 ni onítẹ̀wé ní láti fi kún èyí tí ilé iṣẹ́ òkè òkun ń tà fún un bí ó bá fẹ́ fi àmì ohùn sí fáwẹ̀lì gbogbo, a kò tíì dé orí n àti m tó ń dá ohùn ní. Owó ni òjé. Àyè inú àpótí pàápàá, owó ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá ń fi ìwé àtijọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé òǹkọ̀wé rẹ̀ "kò mọ àmì ohùn," ìṣirò yìí ni mo máa ń ní kí ó ṣe kí ó tó jókòó.

Èmi náà ti fi ọwọ́ ara mi mọ bí irinṣẹ́ ṣe ń darí ìkọ̀wé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo ń múra àtijáde ní yunifásítì, mo gbé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi lọ fún obìnrin kan tó ń fi táípúráítà ṣiṣẹ́ lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wà lára ẹ̀rọ rẹ̀. Kí ó tó lè rí ẹ, ó ní láti tẹ e, kí ó padà sẹ́yìn ní àyè kan, kí ó yí bébà sókè díẹ̀, kí ó tẹ àmì ìdánudúró, kí ó sì yí bébà padà sí ipò rẹ̀. Ìṣe márùn-ún fún lẹ́tà kan ṣoṣo! Ní ojú ewé kẹta ó ṣí ojú wò mí, ó ní, "Bọ̀dá, iye tí a jọ sọ yẹn, ti Gẹ̀ẹ́sì ni o." A wá fẹnu kò pé kí ó tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì, kí èmi fi bírò parí ìyókù. Ẹ̀dà mẹ́ta ni ẹ̀ka wa béèrè. Kábọ́nù kò lè da àmì tí kò sí níbẹ̀ kọ, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sàmì sí iṣẹ́ kan náà, ojú ewé 70 ó lé díẹ̀. Òru mélòó kan ló bá a lọ. Ìgbà náà ni mo lóye ìwà kan tí mo ti rí nínú ìwé àwọn àgbà: wọn a máa fi àmì sí ọ̀rọ̀ tó lè ṣini lọ́nà, wọn a sì fi èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ hàn kedere sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àìmọ̀. Wọ́n ń ṣírò agbára wọn ni. Olùwádìí tó bá mọ èyí yóò bi ìwé àtijọ́ ní ìbéèrè tó dára: èwo nínú àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni òǹkọ̀wé rò pé ó lè ru òǹkàwé ìgbà rẹ̀ lójú?

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù lọ ni mo ń bọ̀ wá sí yìí, mo sì tọrọ àyè láti pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Bí ẹ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ girama léèrè pé ta ló kọ ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, yóò ní Fágúnwà ni, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, 1938. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni yóò fún un ní máàkì. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní July 1929, ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ìwé Fágúnwà, lẹ́tà obìnrin kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí Isaac B. Thomas dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1928. Ìgbà tí ìwé ìròyìn Yorùbá gbilẹ̀ ni: Èkó Àkéte ti Adéoyè Deniga ti bẹ̀rẹ̀ ní 1922, Elétí Ọfẹ ti E. A. Akíntán ní 1923, The Yoruba News ti Dénrelé Ọbasá sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1924. Obìnrin tó ń kọ lẹ́tà sí Akéde Èkó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó ní aṣẹ́wó ni òun nígbà èwe, ẹwà òun ti dá wàhálà sílẹ̀ láàrin Èkó, àìsàn àti òṣì ló wá kù fún òun báyìí, òun sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin fi òun ṣe àríkọ́gbọ́n. Àwọn lẹ́tà náà ń jáde títí di March 1930. Ní ọdún 1930 kan náà ni wọ́n kó wọn pọ̀ di ìwé, tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Itan Igbesi Aiye" bí àkọtọ́ ìgbà náà ṣe ń kọ ọ́. Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan. Thomas fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà sí olóòtú, àwọn kan ń bá a kẹ́dùn, àwọn kan ń bá a wí, ẹnìkan tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí i. Kí ló dé? Ẹ lè ní ọgbọ́n Thomas ni, òótọ́ sì ni, nítorí ó kún ìtàn náà fún orúkọ àdúgbò àti orin tí ará Èkó mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀. Lẹ́tà òǹkàwé gidi àti lẹ́tà Sẹ̀gilọlá, irú òjé kan náà ni wọ́n fi tò wọ́n, tàdáwà kan náà ló wà lára wọn, ọjọ́ kan náà ni ọmọ tó ń ta ìwé ìròyìn gbé wọn kiri. Kò sí èèpo ẹ̀yìn aláwòrán tó ń kìlọ̀ fún èèyàn pé ìtàn àròsọ nìyí. Ìrísí ìwé ìròyìn ló fún àròsọ ní ojú òtítọ́. Ẹni tó bá ka ìtàn yìí nínú ìwé tí wọ́n dì dáadáa lónìí yóò gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lóye ohun tó mú kí ẹnìkan yọ owó láti inú àpò rẹ̀ fún obìnrin tí kò sí láyé.

Karin Barber, onímọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣe ìwádìí oríkì ní Òkukù fún ọdún pípẹ́, ló ṣe iṣẹ́ tó yẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 2012, ó tún ìtàn Sẹ̀gilọlá tẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kó àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ mìíràn láti inú ìwé ìròyìn náà mọ́ ọn. Ìtàn náà tún padà sáàrin àwọn ará ilé rẹ̀. Mo sì fẹ́ fi èrò tèmi kún un: ohun tó mú kí orúkọ Fágúnwà borí kì í ṣe pé ó mọ̀ ọ́n kọ nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n kọ ju ọ̀pọ̀ lọ. Ìwé tí wọ́n dì ni tirẹ̀, ilé ìtàwé CMS ló gbé e jáde, ó wọ ilé ẹ̀kọ́, a sì ń tún un tẹ̀. Ìwé ìròyìn ń bẹ lọ́dọ̀ aláàkàrà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tí a bá ń sọ "àkọ́kọ́" nínú ìtàn lítíréṣọ̀ wa, nígbà mìíràn "èyí tí bébà rẹ̀ pẹ́ jù" la ní lọ́kàn.

Mo ti dán èyí wò ní kíláàsì. Mo kọ ìtàn kékeré kan, lẹ́tà ọmọge kan tí ọ̀gá rẹ̀ lé kúrò níbi iṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà méjì. Nínú ọ̀kan, ó dá wà lórí bébà funfun pẹ̀lú àkọlé àti orúkọ òǹkọ̀wé. Nínú èkejì, mo fi í sáàrin ìkéde òkú, ìpolówó oògùn ikọ́ àti lẹ́tà sí olóòtú. Mo pín wọn fún ìlà ìjókòó méjì láìsọ nǹkan kan. Àwọn tó gba ti funfun bẹ̀rẹ̀ sí í wá àfiwé tààrà àti ẹlẹ́lọ̀ọ́. Àwọn yòókù ń bi mí pé níbo ni ọmọbìnrin náà ń gbé.

Kí n tó kúrò ní sáà yẹn, ẹ má gbàgbé Dénrelé Ọbasá. Akéwì ni, ó sì ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀, Ilare Press, ní Ìbàdàn. Ìwé àkọ́kọ́ nínú Àwọn Akéwì rẹ̀ jáde ní 1927, èkejì ní 1934, ẹ̀kẹta ní 1945. Ẹni tó ní ewì tó sì tún ní irin tí a ó fi tẹ̀ ẹ́, kò ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ó yẹ kí a máa rántí èyí nígbà tí a bá ń ṣàlàyé ìdí tí ewì rẹ̀ fi wà lọ́wọ́ wa tí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sí.

Bébà nìkan kọ́ ló ń gbé ọ̀rọ̀. Ní sáà kan, mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ohun àtijọ́ kan tí ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀ wá láti ilé. Wọ́n mú àwo tánganran wá, kàlẹ́ńdà ìsìnkú, fìlà ẹgbẹ́, ìbòrí rédíò. Ọmọbìnrin kan mú àdìrẹ ìyá rẹ̀ àgbà wá, èyí tí wọ́n fi pátákó síńkì ṣe. Lẹ́tà wà ní etí rẹ̀: ODUN YI A SAN WA. Kò sí àmì kan, kò sí igi, kò sí róbótó. Lẹ́tà N kan sì kọjú sí òdì.

Fún ẹ̀yin tí kò tíì rí i, oríṣi àdìrẹ kan wà tí a ń pè ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n ń fi sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀ dáadáa, yóò sì ṣẹ́kù ní àwọ̀ fífẹ́rẹ́. Àwọn obìnrin a máa fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ náà sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn a lo síńkì pẹlẹbẹ tí wọ́n ti gé àwòrán sí, iṣẹ́ tí àwọn ọkùnrin sábà máa ń ṣe, wọn a sì ti ẹ̀kọ gba ojú ihò rẹ̀ sára aṣọ. Ibàdàndùn, èyí tó ní òpó Gbọ̀ngàn Mápó nínú, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó gbajúmọ̀ jù. Ọlọ́ba ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n fi ṣàjọyọ̀ ọdún 25 tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, lò lórí oyè ní 1935. Ìtàn ìlú wà lára aṣọ, ẹni tó bá sì rò pé àwòrán lásán ni, ó kù sọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ náà fẹ́ mọ ìdí tí N fi kọjú sí òdì. Mo fún wọn ní páálí àti abẹ. Láàrin ogójì ìṣẹ́jú wọ́n ti rí ohun tí mi ò lè fi ẹnu kọ́ wọn. Àmì ìsàlẹ̀ tó jẹ́ wàhálà fún táípúráítà kò ṣòro rárá fún agésíńkì: ihò kan péré ni. O ni wàhálà. Bí èèyàn bá gé O yí po, àárín rẹ̀ yóò já bọ́, àfi kí ó fi okùn tín-ín-rín sílẹ̀ tí yóò so ó mọ́ ìyókù. Ní ti N, síńkì tí a bá dojú rẹ̀ délẹ̀ yóò fi lẹ́tà hàn ní òdì. Ó ṣeé ṣe kí agésíńkì yẹn máa gé lẹ́tà bí ẹni ń gé àwòrán ẹyẹ, nítorí ẹyẹ tó kọjú sí ọ̀tún àti èyí tó kọjú sí òsì, ẹyẹ náà ni. Irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní lẹ́tà tó nira fún un. Ọmọ tó bá mọ èyí kò ní máa sọ pé "àwọn àgbà kò kàwé."

Ọmọbìnrin náà padà lọ bi ìyá rẹ̀ àgbà. Màmá náà kò mọ̀wé kà. Ó sọ orúkọ aṣọ náà, ó sọ ọjà tí òun ti rà á, ó sọ ìkómọ tí òun kọ́kọ́ fi í jáde, ó sì ka gbólóhùn etí rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó pé, láìwo lẹ́tà kan. Àwa tí a mọ̀wé ṣì ń jiyàn bóyá "a" inú rẹ̀ gba ohùn òkè.

Lẹ́yìn èyí ni mo kó wọn lọ sí ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Ewì kan wà nínú iṣẹ́ wa tó ń sọ nípa aláró, ọdún púpọ̀ ni mo sì ti fi ń ṣàlàyé ẹlú, eérú àti ìkòkò aró lójú pátákó. Wọ́n gbóòórùn aró gidi, wọ́n rí bí aṣọ ṣe ń jáde ní àwọ̀ ewé tí ó sì ń di búlúù lójú wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kàn án. Nígbà tí a padà dé orí ewì náà, mi ò sọ púpọ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí ohùn, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Kí n kàn sọ pé ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù, àwo ìgbà náà kò sì gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ ní ojú kan. Nígbà tí àwọn akéwì bí Láńrewájú Adépọ̀jù, tó dágbére fáyé ní 2023, wá ń gbé ewì jáde lórí àwo ńlá, ojú kan ti lè gba ogún ìṣẹ́jú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ kọ nípa ìgbékalẹ̀ ewì àtohùndá òde òní, kí ó kọ́kọ́ mọ bí àwo ṣe gùn tó.

Ó ku kọ̀ǹpútà. Ọmọkùnrin kan wà ní SS2 wa tí orí rẹ̀ pé nínú físíìsì. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó fi Yorùbá sílẹ̀ kí ó tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde, ọmọ náà sì wá bá mi ní òun fẹ́ mọ ohun tí èèyàn tún lè wádìí nínú Yorùbá tí wọn kò tíì wádìí tán. Mi ò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo fún un ní àròkọ tí kíláàsì rẹ̀ ti tẹ̀ sórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, mo ní kí ó fi ẹ̀rọ ka iye ìgbà tí "ẹ̀kọ́" wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ní 14. A fi ojú kà á, a rí 23. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, inú bí i. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló padà wá pẹ̀lú ìwé àjákọ tó kún fún nọ́ńbà.

Ohun tó rí nìyí. Nínú ìlànà tí a ń pè ní Unicode, èyí tí kọ̀ǹpútà gbogbo ń lò láti tọ́jú lẹ́tà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àkópọ̀ ni. Èèyàn lè mú ẹ kí ó fi ohùn òkè lé e. Ó lè mú é kí ó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ó lè mú e lásán kí ó fi àmì ìsàlẹ̀ ṣáájú ohùn, tàbí ohùn ṣáájú àmì ìsàlẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn. Àwọn bọ́tìnnì ìtẹ̀wé kan sì wà tí kì í lo àmì róbótó. Igi kékeré tó dúró ṣánṣán ni wọ́n ń lò, igi náà sì ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta tún kún un. Lẹ́tà kan, ojú èèyàn rí ọ̀kan, ẹ̀rọ lè rí méje! Ìlànà wà tí a lè fi sọ mẹ́rin àkọ́kọ́ di ọ̀kan, a sì lè sọ mẹ́ta tó kẹ́yìn di ọ̀kan pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìlànà náà kò sọ róbótó àti igi di ohun kan náà. Lójú kọ̀ǹpútà, àmì méjì tí kò tan mọ́ ara wọn ni wọ́n.

Mo gbé ìwé orin ìyá mi wá, mo fi igi náà hàn án. Ó wò ó pẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Àwọn ènìyàn ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀: Túndé Adégbọlá àti àjọ ALT-I ní Ìbàdàn ti ń bá ìmọ̀ ẹ̀rọ èdè wa jà fún ogún ọdún ó lé, Kọ́lá Túbọ̀sún sì dá ìwé atúmọ̀ orúkọ YorubaName sílẹ̀ lórí ayélujára ní 2015. Síbẹ̀, ìwé àtijọ́ tí a bá ń fi ẹ̀rọ dà kọ lójoojúmọ́, ẹ̀rọ náà a máa ka àmì abẹ́ lẹ́tà sí ìdọ̀tí bébà, a sì gbá a dànù. Ẹ̀rọ tí ń kọ́ Yorùbá láti inú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ èdè tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́. Ìwé tó ń sọ nípa òjò yóò di ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó ń sọ nípa ọjọ́, ojo àti Òjó. Ẹni tó máa tún un ṣe gbọ́dọ̀ mọ físíìsì díẹ̀, kí ó mọ ìtàn àkọtọ́, kí ó sì mọ ohun tí Yorùbá ń sọ. Mo kọ gbólóhùn yìí sínú lẹ́tà sí bàbá ọmọ náà. Kò tíì fèsì. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí.

Ní báyìí, ọmọ náà àti àwọn mẹ́rin mìíràn ń lo ọ̀sán Wẹ́sídeè lórí àwòrán ojú ewé kan láti inú ìwé ìròyìn Yorùbá àwọn ọdún 1920. Ọmọbìnrin aláṣọ àdìrẹ wà lára wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti tẹ gbogbo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òjé ṣe tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì kọ èrò wọn lórí àmì ohùn sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́tọ̀, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ èyí tó jẹ́ ti atẹ̀wé àti èyí tó jẹ́ ti wọn. Wọ́n ti parí òpó àkọ́kọ́. Nínú òpó kejì, lábẹ́ ìpolówó agboòrùn, "ojo" kan wà tí kò ní àmì. Mẹ́ta nínú wọn ní òjò ni, nítorí agboòrùn tó wà lókè rẹ̀. Àwọn méjì yòókù ní ọjọ́ ni, pé ẹni tó to òjé ló fo àmì ìsàlẹ̀. Wọ́n ti ń wá "ọjọ" mìíràn lójú ewé náà báyìí, láti mọ̀ bóyá àpótí atẹ̀wé yẹn ní ọ tó pọ̀ tó.